Schalke 04 àti Gelsenkirchen: ṣé èédú tó tán ló pa ẹgbẹ́ yìí ni?

Adégbìtẹ́04

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Sáà 2024/25 ti parí, ipò 14 ni Schalke 04 wà. Kì í ṣe nínú Bundesliga o, ní ìpele kejì ni. Ẹgbẹ́ tó ti gba líìgì Jámánì lẹ́ẹ̀méje, tó gba UEFA Cup ní 1997, tó sì bá Manchester United wàákò ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League ní 2011, òun náà ló wá ń sá ní sáà yẹn kó má baà já sí ìpele kẹta. Ó dùn mí dé egungun.

Èrò tèmi rèé, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Gelsenkirchen ni ìlú wọn, ní agbègbè Ruhr ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Èédú ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ìwakùsà wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1904. Consolidation, iléeṣẹ́ èédú àdúgbò Schalke, ló yọ̀ǹda ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe pápá Glückauf-Kampfbahn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1928. Ernst Kuzorra tó jẹ́ ìràwọ̀ wọn láyé ìgbà náà, awakùsà ni. Títí dòní olónìí, Knappen, orúkọ àwọn awakùsà àtijọ́, ni wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ náà, ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù sì ń gbà jáde sí pápá, bí ihò abẹ́ ilẹ̀ tí awakùsà ń gbà kọjá ni wọ́n ṣe é.

Èédú wá tán lọ́jà. Ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ sún mọ́ 400,000 ní òpin àwọn ọdún 1950 ti já wá sí nǹkan bí 265,000. Àìríṣẹ́ṣe ibẹ̀ wà lára èyí tó pọ̀ jù ní gbogbo Jámánì. Lójú mi, ìlú ló kọ́kọ́ ṣubú, ẹgbẹ́ sì bá a lọ. Ta ló rí i bí mo ṣe rí i?

Ṣèyí_Ọ̀tún

Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ibi tí owó bá wà ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Bayern wà ní Munich, Allianz, Audi àti Adidas ní ìpín nínú ẹgbẹ́ wọn. Wolfsburg ní Volkswagen. Leverkusen ní Bayer. Leipzig ní Red Bull. Ẹ dárúkọ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ní Gelsenkirchen tó lè ṣe irú rẹ̀ fún Schalke lónìí.

Bàbá_Kọ́lá

Adégbìtẹ́ ọmọ mi, o ṣeun tí o gbé ọ̀rọ̀ yìí síta. Ṣùgbọ́n bí o bá to ọdún ìlú àti ọdún ẹgbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn ò bára mu.

Ìgbà wo ni wàhálà èédú bẹ̀rẹ̀? 1958 ni. Epo rọ̀bì wọlé, èédú òkèèrè tí owó rẹ̀ ò tó ti Ruhr náà wọlé. Èédú Ruhr jìn sábẹ́ ilẹ̀, nígbà tó yá ibi tó jìn ju 1,000 mítà lọ ni wọ́n ti ń wà á. Kò lè bá èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ họ lójú ilẹ̀ ní ibòmíràn dọ́gba lọ́jà láé. Ọdún 1958 yẹn náà ni Schalke gba líìgì rẹ̀ keje, kò sì tún gbà á mọ́. Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Dúró ná.

Ní 1981, wọ́n já kúrò ní Bundesliga. Wọ́n tún já ní 1983, wọ́n tún já ní 1988. Ìgbà náà, àwọn kòtò èédú ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ìlú yẹn.

Wá wo 1997. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, nǹkan bí 220,000 èèyàn di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n tò bẹẹrẹ gba inú agbègbè Ruhr kọjá, ó lé ní 90 kìlómítà, nítorí ìjọba fẹ́ gé owó ìrànwọ́ tó ń gbé ìwakùsà ró. Ní oṣù kẹta, àwọn awakùsà ya bo Bonn tí ìjọba wà nígbà náà. Ìbẹ̀rù bojo ló wà ní gbogbo ilé. Ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Schalke lọ sí San Siro. Gólù Marc Wilmots ni wọ́n fi na Inter Milan 1-0 nílé, Inter dá a padà, ó di pẹnáàtì. Jens Lehmann mú ti Zamorano, Wilmots sì gbá èyí tó parí ọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Dortmund na Juventus, wọ́n gba Champions League. Ọdún tí awakùsà ń sunkún lójú títì ni ẹgbẹ́ méjì láti ilẹ̀ èédú kó ife méjì Yúróòpù lọ sílé.

Wọ́n ti Hugo, kòtò èédú kan ní Gelsenkirchen, pa ní 2000. Ní 2001, Schalke fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin jẹ́ olúborí líìgì: wọ́n ti na Unterhaching 5-3, èrò ti kún orí pápá, kí Patrik Andersson tó gbá gólù Bayern wọlé ní Hamburg nígbà tí ìṣẹ́jú 90 ti kọjá. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gba DFB-Pokal, ìyẹn ife ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n sì ṣí pápá tuntun. Ní 2002 wọ́n tún gba ife náà, wọ́n na Leverkusen 4-2, ọmọ wa Victor Agali sì gbá ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn. Kòtò tó kẹ́yìn ní Gelsenkirchen tì ní òpin 2008. Ní 2011, àwọn pẹ̀lú Raúl na Inter 5-2 ní San Siro, wọ́n tún gba DFB-Pokal.

Ogún ọdún tí èédú fi ń kú ni ogún ọdún tó dára jù fún Schalke láti ìgbà tí wọ́n ti dá Bundesliga sílẹ̀. Ẹ má di ẹrù ẹgbẹ́ lé ìlú lórí.

Adégbìtẹ́04

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mi ò lè jiyàn pẹ̀lú ọdún tí ẹ kà sílẹ̀ wọ̀nyẹn. Àmọ́ mi ò tíì gbà tán. Ìṣòro ìlú máa ń pẹ́ kó tó dé ara ẹgbẹ́. Ọmọ awakùsà tó rí ìṣẹ́ ní 1990 ṣì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Túnjí_Ìṣirò

Adégbìtẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ náà ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Pápá wọn gba 62,271. Ní ìpele kejì, tí wọ́n ń bá ẹgbẹ́ kéékèèké gbá, iye èrò tó ń wá nílé lé ní 60,000 ní ìpíndọ́gba. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń gbá Champions League ò rí irú èrò yẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 180,000, ìyẹn tó ìlàjì ìlú, ó tún lé. Owó tó ń wọlé kò já lulẹ̀ nítorí pé èédú tán.

Owó tó ń jáde ni kí ẹ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, wọ́n ti yá owó ńlá, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn ò tíì tà ni wọ́n fi dúró fún un. Láti ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ ti ń jẹ ọ̀la lónìí. Wọ́n ń san owó oṣù bí ẹni pé ọdọọdún ni Champions League máa wá. Bí wọ́n bá wọ ibẹ̀, ó dọ́gba. Bí wọn ò bá wọ ibẹ̀, gbèsè gorí gbèsè.

Ẹ wo àwọn tó bá ẹnu ọ̀nà jáde láìsan kọ́bọ̀: Joel Matip lọ sí Liverpool ní 2016, Kolašinac lọ sí Arsenal ní 2017, Goretzka lọ sí Bayern, Max Meyer lọ sí Crystal Palace, àwọn méjèèjì ní 2018. Àdéhùn wọn parí ni, ẹgbẹ́ ò rí nǹkan kan gbà. Láàárín ìgbà kan náà, wọ́n fi ohun tó lé ní 20 mílíọ̀nù yúrò ra Breel Embolo nìkan. Ẹni tó ń ta ọjà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń fi owó ńlá ra ti ẹlòmíràn, kò sí ìlú ọlọ́rọ̀ tó lè gbà á là.

Ní 2018 wọ́n ṣe ipò kejì. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Manchester City gbá wọn 7-0, wọ́n sì parí sí ipò 14 nílé. Nígbà tó fi máa di 2020, gbèsè ti lé ní 200 mílíọ̀nù yúrò. Kòrónà wá ti pápá pa, owó ẹnu ọ̀nà dáwọ́ dúró. Láti oṣù kìíní 2020 dé oṣù kìíní 2021, wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30 nínú Bundesliga láìborí ẹyọ kan. 31 ni àkọsílẹ̀ tó burú jù, ti Tasmania Berlin ní 1965/66. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Matthew Hoppe, ló gbá gólù mẹ́ta wọ àwọ̀n Hoffenheim kí ìtìjú yẹn tó dúró. Akọ́nimọ̀ọ́gbá márùn-ún ni wọ́n lò ní sáà yẹn. Àmì 16 ni wọ́n kó jọ, wọ́n já.

Heidenheim ńkọ́? Ìlú tí kò ju nǹkan bí 50,000 èèyàn lọ. Ọdún 2023 tí Schalke, tó ti gòkè padà ní 2022, tún já ni Heidenheim gòkè wá sí Bundesliga. Ẹ wo Freiburg pẹ̀lú. Ìnáwó tó mọ níwọ̀n ló gbé àwọn yẹn ró.

Tòkunbọ̀_BVB

Ẹ̀yin alátakò wa, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Dortmund ni mo ń tì lẹ́yìn, ṣùgbọ́n mi ò yọ̀ sí yín. Àsìkò tí Schalke ò sí nínú Bundesliga, ẹ̀ẹ̀rùn ni fún àwa náà.

Ohun tó bá Gelsenkirchen bá Dortmund pẹ̀lú. Kòtò èédú tó kẹ́yìn níbẹ̀, Minister Stein, tì ní 1987. Iléeṣẹ́ irin Phoenix-Ost parí iṣẹ́ ní 2001, àwọn ará Ṣáínà tú u palẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ. Wọ́n bomi sí ibi tí iná irin ti ń jó tẹ́lẹ̀, ó ti di adágún tí àwọn olówó ń kọ́lé yí ká.

Àwa náà fi owó ṣeré. Ní 2005, díẹ̀ ló kù kí BVB, ìyẹn ẹgbẹ́ Dortmund wa, kógbá sílé. Àwọn tí a jẹ lówó ló jókòó dìbò bóyá a máa wà tàbí a ò ní sí mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n dé: wọ́n dín owó oṣù kù, wọ́n mú Jürgen Klopp wá ní 2008, wọ́n fi àwọn ọmọdé gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n gba líìgì ní 2011 àti 2012. Torí náà mo wà lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n Túnjí. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà láàárín ìlú méjèèjì tí a ò gbọdọ̀ fojú fò: Dortmund tóbi jù ú lọ ju ìlọ́po méjì, ó sì ti ní yunifásítì láti 1968. Iṣẹ́ tuntun rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé.

Bísí_Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gelsenkirchen ni mo ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ nípa ìlú yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "ìlú tó kú, ìlú tó kú". Ìlú tí èèyàn ń bímọ sí, tí wọ́n ń ṣègbéyàwó níbẹ̀, kò kú.

Mi ò ní fi ìṣòro pamọ́. Àìríṣẹ́ṣe wà ní nǹkan bí 15 nínú 100. Ṣọ́ọ̀bù tó ti tì pọ̀ ní àárín ìlú. Àwọn ilé kan wà tí onílé ti sá, tí òrùlé ń jò, ìjọba ìlú ló ń rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè wó wọn. Ilẹ̀ pàápàá ti rì nítorí ihò tí wọ́n gbẹ́ sísàlẹ̀, apá kan agbègbè Ruhr ti wá wà nísàlẹ̀ ju ojú omi lọ. Ẹ̀rọ ń fa omi jáde tọ̀sán tòru, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n máa lè pa á, torí bí wọ́n bá pa á, omi á bo ilé. Àwọn àgbà tí mo ń tọ́jú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni eruku òkúta ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Wọ́n ń mí bí ẹni tó ń gòkè.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Schalke bá ń gbá nílé, wọ́n á ní kí n wọ súwẹ́tà aláwọ̀ búlúù fún àwọn kí n tó gbé oúnjẹ wá. Bí ẹ bá wọ tráàmù 302 láti ibùdókọ̀ ojú irin ńlá, ẹ máa rí ọmọ Tọ́kì, ọmọ Síríà, ọmọ Pólàńdì, ọmọ Gánà, gbogbo wọn pẹ̀lú ìborùn kan náà lọ́rùn. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Joseph ní àdúgbò Schalke ní fèrèsé aláwọ̀ kan tí ẹni mímọ́ inú rẹ̀ wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Apá kan wà ní itẹ́ òkú kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yìí, àyè 1,904 ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, orin àtijọ́ àwọn awakùsà ni gbogbo pápá máa ń kọ, àwọn ọmọ tí kò rí èédú rí nínú ayé wọn sì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìlú ló fa ẹgbẹ́ lulẹ̀, ẹ wá wò ó. Ìlú yìí ò tíì pa ẹgbẹ́ náà tì lọ́jọ́ kan.

Ìyá_Àánú

Àǹtí Bísí, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo kà á pé ní ìbò oṣù kejì 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú AfD tó ń tako àwọn àjèjì ló ní ìbò ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ní Gelsenkirchen, ó fi díẹ̀ ju SPD tó ti ń jẹ gàba níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Báwo ni ìlú tó jẹ́ pé àjèjì ló kọ́ ọ ṣe wá dé ibẹ̀?

Bísí_Nọ́ọ̀sì

Ìyá Àánú, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo rí lójú ara mi ni pé ìlérí ti pọ̀ jù fún àwọn èèyàn wọ̀nyí. Wọ́n ní iná oòrùn máa rọ́pò èédú. Shell ṣí iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwọn pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ síbí ní 1999, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ó kógbá sílé. Wọ́n ṣe ọgbà òdòdó ńlá sí ibi tí kòtò Nordstern wà ní 1997, ibẹ̀ rẹwà, mo máa ń kó àwọn ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ọgbà ò gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn síṣẹ́ bíi kòtò. Inú ń bí wọn, àwọn kan sì ń nawọ́ ìbínú náà sí wa. Kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn tí mò ń tọ́jú máa ń bi mí pé ìgbà wo ni màá dé láti ìsinmi.

Bàbá_Kọ́lá

Ìyá Àánú, ìbéèrè gidi lẹ béèrè. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kún un.

Láyé Kuzorra àti Fritz Szepan, àwọn òbí ọ̀pọ̀ nínú agbábọ́ọ̀lù Schalke wá láti Masuria, lápá ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún. Àwọn alátakò máa ń bú wọn pé ẹgbẹ́ àwọn ará Pólàńdì ni. Nígbà tí wọ́n fòfin de àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ní 1930 nítorí pé ẹgbẹ́ san owó tó ju ohun tí òfin gbà lọ fún wọn, akápò ẹgbẹ́ fi ara rẹ̀ sínú omi, ó kú. Ọjọ́ tí wọ́n padà sórí pápá ní 1931, wọ́n ní èrò tó 70,000. Iṣẹ́ wọ́n gan-an lọ́dún náà, ebi ń pa èèyàn, ìlú sì tú jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi adùn nìkan sọ ìtàn ìgbà yẹn fún yín. Mẹ́fà nínú líìgì méje wọn, láàárín 1934 sí 1942 ni, ìyẹn abẹ́ Hitler. Ìjọba Násì fi orúkọ ẹgbẹ́ náà polówó ara rẹ̀. Szepan fúnra rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù aṣọ àwọn Júù kan ní àdúgbò Schalke, wọ́n sì pa àwọn tó ni ín lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ awakùsà tí wọ́n ń fi ojú àjèjì wò náà lè dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń lé aládùúgbò rẹ̀ jáde. Mo fẹ́ràn Schalke, ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́.

Ṣèyí_Ọ̀tún

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Bí ìlú ò bá ti ní iléeṣẹ́ tó lówó, ibo ni alága máa wá owó lọ? Ìta ni. Láti 2007, Gazprom ti Rọ́ṣíà ló wà lára aṣọ wọn. Ní oṣù kejì 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine, wọ́n ní láti yọ orúkọ náà kúrò lára aṣọ, wọ́n sì fòpin sí àdéhùn. Ó yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo ńlá ló fi sílẹ̀. Alága wọn fún nǹkan bí ogún ọdún, Clemens Tönnies, oníṣòwò ẹran ni, kì í ṣe ará Gelsenkirchen. Òun náà yá ẹgbẹ́ lówó. Ìlú tálákà sọ ẹgbẹ́ di ẹni tó ń gbọ́ràn sí alálejò lẹ́nu. Ibẹ̀ ni ìlú ti wọ ọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá_Kọ́lá

Ṣèyí, èyí tí o sọ yìí ní ìwúwo. Tönnies yìí kan náà ló dúró níwájú àwọn èèyàn ní 2019, tó sọ pé bí wọ́n bá kọ́ ibi ìpèsè iná mànàmáná sí Áfíríkà, àwọn ará Áfíríkà kò ní máa gé igi mọ́, wọn ò sì ní máa bímọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹgbẹ́ tí Gerald Asamoah, ọmọ tí wọ́n bí ní Gánà, fi gbogbo ara gbá bọ́ọ̀lù fún! Oṣù mẹ́ta péré ló fi yẹra, ó padà sípò. 2020 ló tó lọ, lẹ́yìn tí kòrónà jà ràn-ìn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ẹran rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ti dúró síta pẹ̀lú pátákó láti sọ pé kó máa lọ. Ẹ gbọ́, àwọn olólùfẹ́ ló sọ ọ́, kì í ṣe àwọn tó ń jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀.

Túnjí_Ìṣirò

Ṣèyí, mo gbà pé wọ́n ní láti wá owó síta. Àmọ́ owó náà wọlé. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Gazprom fi san owó. Kí ni wọ́n fi ṣe?

Ohun tí ìlú fi fún wọn ju owó Gazprom lọ, àwọn ọmọ ni. Manuel Neuer, Gelsenkirchen ni wọ́n ti bí i. Mesut Özil náà, ìdílé Tọ́kì tó wá ṣiṣẹ́. Nínú mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá World Cup 2014 fún Jámánì, Neuer, Özil àti Höwedes gba ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Schalke kọjá, Draxler sì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ fi Leroy Sané kún un. İlkay Gündoğan pàápàá, tí bàbá bàbá rẹ̀ wá láti Tọ́kì wá wa èédú, ìlú yẹn ni wọ́n bí i sí, ó ti wà lọ́dọ̀ wọn ní kékeré, wọ́n jẹ́ kó lọ. Ìlú tálákà ló ń bí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kùsà tó ṣẹ́kù níbẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì ń tà á láti fi dí gbèsè.

Tòkunbọ̀_BVB

Gündoğan! Ọ̀dọ̀ wa ló ti wá di ẹni ńlá. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Adégbìtẹ́04

Ó dáa. Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo wá rí báyìí ni pé ìlú ò fa ẹgbẹ́ lulẹ̀, ẹgbẹ́ ló ná ìfẹ́ ìlú bí owó. Wọ́n mọ̀ pé bó ti wù kó burú tó, 60,000 èèyàn á wá. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù.

Kí ni ọ̀nà àbáyọ? Títí di òní, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni Schalke, wọn ò tà á fún ẹnikẹ́ni bí àwọn kan ti ṣe. Àwọn kan ní kí wọ́n tà, kí olówó wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 wọ́n gbé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan kalẹ̀, Auf Schalke eG, kí àwọn olólùfẹ́ lè ra ìpín, kí owó náà sì wọ inú pápá ìṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa owó, ṣé ó lè ṣiṣẹ́? Àǹtí Bísí, kí làwọn èèyàn ń sọ níbẹ̀?

Bísí_Nọ́ọ̀sì

Àwọn tó ní owó díẹ̀ ń rà á. Àwọn ọmọ àwọn arúgbó wa kan ra á fún àwọn òbí wọn. Àwọn tí owó oṣù wọn ò tó ilé san, ẹ má retí wọn, wọ́n ti ń san tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí gbogbo wọn ń bi ara wọn ni bóyá owó náà máa tún gba ibi tí ti tẹ́lẹ̀ gbà. Tráàmù ti dé, mò ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́.

Túnjí_Ìṣirò

Adégbìtẹ́, ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní yára. Ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ò lè san gbogbo gbèsè náà, ó lè gé apá kan rẹ̀ kúrò, kí èlé tí wọ́n ń san lọ́dọọdún dín kù. Olówó àjèjì lè san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àmọ́ ẹni tó bá san án ló máa pinnu ẹni tó ń gbá àti iye tí tíkẹ́ẹ̀tì máa jẹ́, àwọn tó wà nínú tráàmù Àǹtí Bísí ló sì máa kọ́kọ́ jáde. Èmi fẹ́ àjẹṣẹ́kù. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé owó rẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ inú owó oṣù agbábọ́ọ̀lù kankan, kí àyẹ̀wò owó sì wà ní gbangba lọ́dọọdún. Bí mo bá ti rí ìwé yẹn, màá ra ìpín tèmi láti ibi tí mo wà. Bàbá Kọ́lá, ẹ jẹ́ ká jọ rà á.

Bàbá_Kọ́lá

Fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi tí o bá rí i. Màá kà á kí n tó dá ọ lóhùn.